Ìtọ́jú ara fún òṣìṣẹ́ fásitì: ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí

Ọdún 19 ni mo ti ń kọ́ni ní fásitì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi kúrò ní gbọ̀ngàn ìdánwò lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà, tí gbogbo ẹ̀ka gbọ́, làwọn èèyàn ti ń yọ́ wá sí ọ́fíìsì mi. Wọn á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, wọn á ní: "Prof, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n kó má kúrò níbí o." Mi ò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó bá ní àṣírí lẹ́nu ló máa ń fún èèyàn ní ìgbéga ọ̀fẹ́.

Nígbà tí ìbéèrè kan náà ń padà wá ṣáá, mo jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé "Dókítà" tó wà níwájú orúkọ mi kì í ṣe ti oníṣègùn. Ohun tí oníṣègùn sọ fún mi, ohun tí mo kà, àti ohun tí ojú mi rí ló wà níbí.

Iṣẹ́ ká jókòó ká máa kàwé náà lẹ wá ń pè ní wàhálà?

Ìyá mi lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí. Ogójì ọdún ló fi ta ata lọ́jà, nínú oòrùn, nínú òjò, nítorí náà iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ fáànù kò jọ iṣẹ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wà nílé mi nígbà tí mo gbé ìwé ìdánwò dé nínú àpò ìrẹsì mẹ́ta. Kọ́ọ̀sì tí gbogbo ọmọ ọdún kìíní ń ṣe ni. Màmá gbé àpò kan wò, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ní: "Gbogbo èyí lo máa fi ojú kà? Ìwọ nìkan?" Láti ọjọ́ náà wọn ò sọ̀rọ̀ fáànù mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwé 400, ìṣẹ́jú 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ìṣẹ́jú 4,000, ìyẹn wákàtí 66 ó lé. Ẹni tó bá ń fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́ lójúmọ́ á lo ju ọjọ́ 8 lọ lórí rẹ̀, láì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo nìyẹn o. Kọ́ọ̀sì kejì ń dúró, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn ń dúró, ìgbìmọ̀ mẹ́ta ń pe ìpàdé, àwọn NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó fásitì, ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀ka wò, jọ́nà, ìwé ìwádìí tí a gbọ́dọ̀ kọ sí ká tó gba ìgbéga náà kò sì bìkítà pé iná ti lọ láti àná.

Káfíńtà a máa ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lálẹ́. Inú orí ni ṣọ́ọ̀bù tiwa wà. Mo ti jí lóru rí láti tún gbólóhùn kan ṣe nínú iṣẹ́ tí jọ́nà ti dá padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi jí, ó wò mí, ó ní: "Bàbá Tóyìn, ta ló ń lé yín?"

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tó ń ṣe mí ju àárẹ̀ lásán lọ?

Àárẹ̀ lásán máa ń gbọ́ràn sí oorun lẹ́nu. Ẹ sùn dáadáa lálẹ́ Jímọ̀, ẹ sùn ní Sátidé, tó bá di ọjọ́ Ajé ara á yá. Èyí tí mo ń sọ, tí òyìnbó ń pè ní "burnout", kì í gbọ́. Fìtílà tí epo ti tán nínú rẹ̀ ṣì máa ń tàn fúngbà díẹ̀, àmọ́ òwú rẹ̀ ló ń jó. Ẹni tó wà lókèèrè á ní iná ń bẹ. Bí mo ṣe wà nìyẹn fún bí oṣù mẹ́fà kí n tó ṣubú: mi ò pa kíláàsì kankan jẹ, mo ń rẹ́rìn-ín ní ìpàdé, mo sì ń jókòó sínú mọ́tò fún ogún ìṣẹ́jú láràárọ̀ kí n tó lè ṣí ilẹ̀kùn sọ̀kalẹ̀.

Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní New York, Herbert Freudenberger, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1974, lẹ́yìn tó rí i lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn tuntun. Wọn ò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní ohun tí wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́, tí a kò sì wá nǹkan ṣe sí, ń dá sílẹ̀ ni. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní ká máa wò. Àkọ́kọ́, kí agbára tán nínú èèyàn. Èkejì, kí ọkàn rẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́ náà, kó máa fi àbùkù wò ó: akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kan ilẹ̀kùn, inú ń bí yín kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, kó máa ṣe èèyàn bíi pé ohun tó ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, pé bó kọ́ wọn, bí kò kọ́ wọn, bákan náà ni.

Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé lára yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má tún máa sọ pé "sáà yìí ló le." Sáà tó ń bọ̀ á le jù báyìí lọ.

BP mi ńkọ́? Ara mi ò dùn mí, orí ò fọ́ mi.

Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kanlẹ̀kùn. Wọ́n kọ "Ìlera loògùn ọrọ̀" sára ògiri ilé ìwòsàn ọgbà wa, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí nígbà tí nọ́ọ̀sì kà á fún mi: 178 lórí 110. Ó tún un wọ̀n. Kò yí padà. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, bóyá ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́." Wọ́n ní, "Dókítà, ẹni márùn-ún ti lò ó kẹ́ ẹ tó dé lónìí. Ẹ̀yin nìkan ló ní ó bàjẹ́."

Ibi tí ọ̀pọ̀ dókítà ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni 140 lórí 90, tó bá jẹ́ pé iye yẹn ló ń padà wá lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi sunkún, kò sì tó láti fi yọ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń mú apá, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n nílé, kẹ́ ẹ sì wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan kọ́ èkejì. Ẹ gbé apá sórí tábìlì kó bá àyà dọ́gba. Ẹ má sọ̀rọ̀. Kọfí àti obì kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu yín fún ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ obì kí oorun má bàa gbé yín nídìí ìwé ìdánwò, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ gbé fún dókítà.

Tí dókítà bá fún yín lóògùn, ẹ máa lò ó bó ṣe wí. Àṣìṣe tí mo rí jù láàárín wa ni pé nọ́mbà wálẹ̀, èèyàn bá ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa oògùn tì. Oògùn yẹn ló gbé nọ́mbà wálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àgbo, mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń mu ún.

Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ò kún ṣíbí ìmutíì kan. Ẹ sì rántí pé iyọ̀ pọ̀ nínú Maggi. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì lẹ́yìn ilé ẹ̀ka wa máa ń sọ ọ́ síkòkò bí ẹni tó ń fúnrúgbìn. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá láti ilé ni mo rí i pé nọ́mbà mi ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìwé ìdánwò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Báwo ni mo ṣe máa máàkì láì kú sí i?

Ẹ má jókòó sídìí àpò. Ẹ ka ogún jáde, kẹ́ ẹ so àpò náà padà, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ojú yín kò ní tó. Ọkàn máa ń rẹ̀ síwájú ọwọ́, tó bá sì ń wo irinwó ìwé ó ti rẹ̀ kí bírò tó kan pépà.

Ẹ máàkì ìbéèrè kìíní fún gbogbo ogún náà kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ìkejì. Ó yá jù, ó sì tún jẹ́ òdodo sí àwọn ọmọ náà, torí ọwọ́ kan náà lẹ fi ń wọn gbogbo wọn. Lẹ́yìn ogún, ẹ dìde. Ẹ rìn jáde díẹ̀, ẹ mu omi. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbójú kúrò nínú ìwé, ẹ wo nǹkan tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn fèrèsé mi nìyẹn fún mi. Mo ti mọ ẹyẹ tó ń gbé níbẹ̀.

Ohun kan tó kù: ẹ má máàkì lórí ibùsùn. Oorun á máa rí ibùsùn bí ọ́fíìsì, kò sì ní fẹ́ wá mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ àti HOD, olórí ẹ̀ka wa, ń fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi láago mọ́kànlá alẹ́. Ṣé kí n má dáhùn ni?

Ẹ má dáhùn.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Àṣà wa ni pé àgbà kì í pe èèyàn kéèyàn dákẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ti kúnlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ẹ kú alẹ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà." Ẹ̀rí ọkàn á máa gún yín. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ní kíláàsì àkọ́kọ́ nínú sáà, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Fóònù mi máa ń sùn láago mẹ́jọ alẹ́, ó sì máa ń jí láago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí i lóru, kò ní bínú, àmọ́ kò ní gbọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì gbọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló tún kọ̀wé láago méjì òru, ó ní: "Sà, mo mọ̀ pé fóònù ń sùn, mo kàn ní kí n fi síbẹ̀ kí n má bàa gbàgbé ni."

Ti ọ̀gá le díẹ̀. Mo lọ bá HOD wa ní ọ́fíìsì wọn lójúmọmọ, mi ò kọ ọ́ sórí fóònù. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, dókítà ní kí n máa pa fóònù lálẹ́. Tí nǹkan bá jóná, ẹ pe ìyàwó mi." Wọ́n ní kò burú. Ọdún kẹta rèé, nǹkan kan kò tíì jóná.

Ohùn mi ti ń lọ. Ọmọ 600 ni mò ń kọ́, kò sí máíkì.

Ẹ béèrè máíkì lọ́wọ́ ẹ̀ka, nínú lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tí kò bá wá, bí ó ṣe sábà ń rí, ẹ dá owó jọ ní méjì mẹ́ta kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí, bíi ti àwọn oníwàásù inú ọkọ̀. Ẹ gbé omi lọ. Ẹ má máa ha ọ̀fun, ẹ gbé itọ́ mì dípò rẹ̀. Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ náà kì í sinmi ohùn, ó ń fún un lọ́rùn ni. Ohùn tó bá ha kọjá ọ̀sẹ̀ 3, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun.

Owó oṣù ò dé, ìyanṣẹ́lódì ń bọ̀ tàbí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú ara wo lẹ tún ń sọ?

Ìbéèrè yìí ni mo mọ̀ jù, torí pé ọ̀rọ̀ mímí kanlẹ̀ àti omi mímu kò ṣeé sọ fún ẹni tí wọn ò sanwó fún.

Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kejì 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ fásitì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá ni wọ́n dá a dúró. Oṣù 8 gbáko. Ìjọba ní ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní gbowó, ìgbà tí a sì padà sẹ́nu iṣẹ́, owó oṣù kẹwàá tó wọ àkáǹtì kò pé. Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ní Oṣù Kẹwàá 2023, kí ààrẹ tó ní kí wọ́n san 4 nínú 8 náà. Ìyẹn sì jẹ́ lẹ́yìn ti 2020, tí a ti lo oṣù 9 nílé.

Mo ta mọ́tò mi. Kì í ṣe mọ́tò ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó ń lẹ táyà ládùúgbò wa, tí mo máa ń fún lówó ọdún, ní: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀ tẹ́ ẹ ò ṣiṣẹ́." Ìtìjú ni àìsàn tó pa ọ̀pọ̀ wa nínú oṣù mẹ́jọ yẹn. Àwọn kan kì í jáde mọ́ kí wọ́n má bàa pàdé onílé. Àwọn kan ń purọ́ fún ọmọ pé owó ti fẹ́ẹ́ dé.

Ohun tí mo rí pé ó mú èèyàn dúró kò pọ̀. Èkíní, aago. Ẹni tó bá ń jí lásìkò kan, tó ń wẹ̀, tó ń wọṣọ, tó ń lọ síbì kan, bó jẹ́ oko lẹ́yìn ilé, kì í bàjẹ́ bí ẹni tó ń wọ ṣòkòtò sùn títí di ọ̀sán. Èmi máa ń lọ gbá tẹ́níìsì orí tábìlì ní kílọ́ọ̀bù òṣìṣẹ́ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n gbá. Baba akọ̀wé àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń nà mí lójoojúmọ́, ó sì máa ń dárúkọ mi fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Wàhálà rẹ̀ ló gbé mi kúrò nílé.

Èkejì, kẹ́ ẹ sọ fún aya tàbí ọkọ iye tó kù gan-an. Kéèyàn máa dá rò ó ló ń gbé BP lọ sókè. Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Àmọ́ ibẹ̀ náà lèèyàn ti ń kó sí gbèsè: tí ẹ bá ti yá tó fi jẹ́ pé wọ́n ń yọ ìdajì owó oṣù yín ní gbogbo oṣù, oṣù kan tí kò dé á tú ilé yín ká. Ẹ dá owó oṣù mẹ́ta jọ síbi tí ọwọ́ kò lè yára tó. Mo mọ̀ pé owó náà kò tó tẹ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye tó jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta.

Bí ìjọba ṣe máa sanwó, iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ọkàn yín láago mẹ́ta òru. Ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ bínú níbẹ̀ tó bá yẹ. Ẹ má gbé e wálé wá sùn.

Àwa tí a kì í ṣe olùkọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló wà ní fásitì.

Òótọ́ ni, ẹ má bínú. Ẹ̀yin SSANU, NASU àti NAAT, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́, ni ọgbà ń rìn lórí ẹ̀yìn yín. Akọ̀wé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ń gbọ́ èébú lójú wíńdò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí ìkànnì fásitì tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ẹ gba ara yín ní ìṣípò: wákàtí méjì lójú wíńdò, wákàtí kan nídìí fáìlì. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láàbù, èéfín kẹ́míkà kì í ṣe òórùn iṣẹ́ lásán. Tí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde bá ti kú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ má sì jẹun nínú láàbù. Ẹ̀yin sìkíọ́rítì tó ń ṣọ́ òru, ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé òru yín ni.

Mo ń tọ́ ọmọ, mo ń ṣe PhD, mo ń kọ́ni.

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan parí orí kẹrin iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà lórí ìdúró. Gbogbo ẹ̀ka ń yìn ín. Nígbà tó yá, ó sọ fún mi pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yin òun, ẹkún ló máa ń gbọ̀n òun, torí kò sẹ́ni tó ní kó gbé ọmọ náà wá kó lọ sùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́, ẹ yéé yìn, ẹ gbé ọmọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gba ìsinmi ìbímọ yín tán pátá. Ọ̀sẹ̀ 16 ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. HOD tó bá ní kẹ́ ẹ wá máàkì "díẹ̀" láàárín rẹ̀, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Kò ní kọ ọ́.

Mi ò lè lọ ìsinmi ọdọọdún, iṣẹ́ á dúró.

Kò ní dúró. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwòsàn, ẹlòmíràn kọ́ kíláàsì mi, èsì jáde, ayé ń lọ. Ó dùn mí díẹ̀.

Tí wọ́n bá rí mi ní Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, ṣé wọn ò ní sọ pé mo ti ya wèrè?

Àwọn kan á sọ ọ́. Àwọn kan náà ló máa ń wá béèrè nọ́mbà dókítà yín lẹ́yìn oṣù méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Arò díẹ̀, torí pé ìbẹ̀rù yẹn kò mọ ibi tó ń bẹ̀rù. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí gbogbo ayé wá wò. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ìbátan kan tó ń sè fún wọn. Wọ́n ń wá gba ìtọ́jú, wọ́n ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń jókòó sí àgbàlá pẹ̀lú èèyàn. Ọkùnrin tó ṣe èyí ló wá di gíwá fásitì Ìbàdàn láti 1968 sí 1971. Oníṣègùn ọpọlọ ló jókòó sórí àga gíwá, tí àwa ọmọ fásitì sì wá ń fi agbádá bojú kọjá níwájú ilé ìwòsàn rẹ̀.

Òfin náà ti yí. Ní Oṣù Kìíní 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà, ó rọ́pò èyí tí wọ́n ti ń lò láti ayé àwọn òyìnbó, tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Tí Arò bá jìnnà sí yín, ẹ̀ka kan wà ní UCH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yaba wà ní Èkó, ó sì ṣeé ṣe kí dókítà ọpọlọ máa wá sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó sún mọ́ ọgbà yín. Ẹ béèrè.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ, mo pàdé ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ẹ̀ka mìíràn nínú yàrá ìdúródè. Àwa méjèèjì ṣe bí ẹni tó wá bẹ aláìsàn wò. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wọn, wọ́n dìde, wọ́n ní: "Ó yá, kí n lọ wo aláìsàn mi." A ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kí ara wa láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ti àwàdà. Tí èrò pé kẹ́ ẹ kúkú kú bá ń wá sí yín lọ́kàn, tàbí tí ẹlẹgbẹ́ yín bá sọ ọ́ bí ẹ̀fẹ̀, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ wá ìrànlọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn ìdánwò. Ẹ má dá wà. Ẹ sọ fún ẹnìkan kó tẹ̀ lé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́mbà pàjáwìrì ni 112. Tó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín ni, ẹ bi í gbangba pé, "Ṣé o ń rò ó láti para ẹ ni?" Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí ẹnikẹ́ni lórí. Ó máa ń jẹ́ kí èèyàn mí ni.

Mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣé kò tó?

Pásítọ̀ wa ń lo oògùn BP, lèmọ́mù àdúgbò wa ń lo ti ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn méjèèjì ń gbàdúrà ju èmi àti ẹ̀yin lọ.

Mo ti japa, UK ni mo wà. Ṣé èyí kàn mí?

Ó kàn yín. Owó ń dé lásìkò, iná kì í lọ, ṣùgbọ́n ẹ ti kọ́ni lọ́sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹni tó pè yín ní "Ẹ̀gbọ́n", kọ́ńtíráàtì yín sì ń parí lóṣù kẹfà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, kí nǹkan tó ṣe yín. Ẹ wọ UCU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì ibẹ̀. Àjọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Education Support, òṣìṣẹ́ fásitì wà lára àwọn tí wọ́n ń dá lóhùn lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sì wá ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀lùbọ́.

Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ń ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí?

Rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo máàkì títí di aago kan òru, orí ibùsùn ni mo sì wà. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ẹ̀rọ BP wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó padà sùn.

Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí: 134 lórí 84. Ìwé ọgọ́ta ló kù nínú àpò kejì. Mo ti so ó. Aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ́ lù, baba akọ̀wé yẹn á sì ti wà ní kílọ́ọ̀bù, á máa bi wọ́n pé èmi dà.